Wáìnì Tí Bàbá Ọmọ Mi Fi Sílẹ̀

Ọkọ mi kì í ṣe ọ̀mùtí. Tíṣà kẹ́mísìrì ni, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà la sì jọ ń lọ. Ibi tí a ti ń jẹ oúnjẹ Olúwa ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹnu kan ife, ó padà sórí ìjókòó, ó sọ sí mi létí pé, "Mo lè ṣe nǹkan yìí." Mo fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn èèyàn ń gbàdúrà, òun ń ro wáìnì.

Láti ìgbà náà ló ti ń ṣe é lọ́dọọdún, àmọ́ ti ọdún tí a bí ọmọbìnrin wa ló yà sọ́tọ̀. Ọ̀pẹ̀yìnbó tó pọ́n dáadáa ló rà ní Ọjà Ọba, ó gún un, ó sẹ́ ẹ, ó da ṣúgà àti yíìsì sí i nínú kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tó ń hó, tí adùn ṣì wà nínú rẹ̀, ó da ògógóró lé e kí yíìsì má bàa jẹ gbogbo ṣúgà tán. Gbogbo ilé gba òórùn náà, aṣọ òun alára gbà á. Mo bú u títí. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó yọ́ àbẹ́là dí ẹnu wọn, ó kó wọn sí kọ̀rọ̀ yàrá tí oòrùn kì í dé.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ la á mu ún tán," ó nawọ́ sí ọmọ tó wà lẹ́yìn mi.

Lọ́dọọdún ó máa ń ṣí ìgò kan nínú wọn, á bu díẹ̀ fún mi, á wá tẹjú mọ́ ẹnu mi: "Báwo?" N kì í tètè dáhùn, torí ó máa ń wù mí kó dúró dè mí. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ta mí lẹ́nu bí atare. Nígbà tó yá, ó pọ́n bí oyin, ó sì ń rọra lọ lọ́nà ọ̀fun.

Àmọ́ bí èèyàn ṣe rò kọ́ ló máa ń rí. Ọmọ náà kò tíì wọ iléèwé tí ọkọ̀ fi gbá bàbá rẹ̀ pa ní àdúgbò Adébáyọ̀. Ó ku ìgò kan. Mi ò ṣí i. Ilékílé tí mo bá kó lọ, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń gbé e.

"Mọ́mì, báwo ni Dádì ṣe rí?" Ìbéèrè ọmọ mi nìyẹn títí tó fi dàgbà. Fọ́tò wà nílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́tò ló ń béèrè.

Lọ́dún yìí ló ṣègbéyàwó. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ báyìí kò gba ọtí rárá, mínírà àti omi nìkan la fi ṣàlejò. Mi ò jà. Nígbà tí àlejò lọ tán nírọ̀lẹ́, mo pè é sí yàrá, mo ṣí ìgò náà, mo bu ú sí ife méjì.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run."

"Bàbá rẹ ló ṣe é fún ọ."

Ó gbé ife náà. Mo rò pé ó fẹ́ mu ún. Imú ló gbé e sí. Omi dà lójú rẹ̀ pẹrẹpẹrẹ.

"Mọ́mì, mo mọ òórùn yìí. Ẹnì kan gbé mi sí èjìká."

Ó gbọ́ òórùn rẹ̀ títí, ó gbé ife sílẹ̀ láìtọ́ ọ wò, ó dì mọ́ mi, ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ.

Inú mi bàjẹ́ kọjá ohun tí mo lè sọ. Mo jókòó, mo mu ife tèmi. Ó dùn. Ó dùn ju gbogbo èyí tí a ti jọ tọ́ wò lọ. Mo gbójú sókè láti sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí pé, "Báwo?"