Ọwọ́ Alásè àti Ọrùn Ọ̀gá

Ìyá Làpálàpá la máa ń pè é ní yàrá àyẹ̀wò wa, ó sì ń jẹ́ ẹ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti ń fi abẹ kékeré ha ara èèyàn sórí gíláàsì. Ìbátan olú inú igbó ni làpálàpá lójú tiẹ̀. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Èmi tí mo jókòó tì í kò rí ẹni tí iṣẹ́ dá lójú tó o.

Lọ́jọ́ Ajé kan, alásè iléèwé kan wọlé, ó fi ìborùn bo ọwọ́.

"Ọ̀gá iléèwé wa ní ẹ̀tẹ̀ ni. Tí n kò bá mú ìwé àyẹ̀wò wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí n má padà wá mọ́."

Ìyá Làpálàpá ha ọwọ́ náà, ó wò ó, kò rí nǹkan kan.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Mo fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o, mo fi sípíríìtì nù ún. Ṣé n ó gbé ìdọ̀tí wá bá yín ni, mà?"

Bí àwọn aláìsàn ṣe máa ń ṣe nìyẹn: ìtìjú á mú wọn fọ ẹ̀rí dànù. Ó di ẹ̀yìn ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó lè tún un ha, ọjọ́ Ẹtì kò sì ní dúró. Alásè bú sẹ́kún, àánú ẹ̀ sì ṣe mí gidi.

"Ṣé ó ń yún yín?" Ìyá Làpálàpá bi í.

"Gan-an ni."

"Ẹ̀tẹ̀ kì í yún èèyàn. Abèèrè kì í ṣìnà, ẹ jẹ́ ká lọ béèrè níbi iṣẹ́ yín."

Lọ́jọ́bọ̀, a bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì ẹ̀, ológbò wà lórí itan ẹ̀, irun etí ológbò náà ti re.

"Ta ló ń bọ́ ológbò yìí, mà?"

"Alásè ni. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló ń sùn."

Ìyá Làpálàpá na ọrùn wo ọrùn ọ̀gá. Àmì róbótó kan wà lábẹ́ kọ́là.

"Ooru ló mú un jáde," ọ̀gá sọ.

Abẹ kò bá ooru jà. Ó ha ọrùn, ó ha etí ológbò, a sì padà sílé iṣẹ́. Làpálàpá kan náà ló wà lára ọ̀gá àti ológbò, ó sì dájú pé ibẹ̀ ni ti alásè náà ti wá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá fúnra ẹ̀ wá gba ìwé. Alásè ti jókòó síbẹ̀. Ọ̀gá kà á tán, ó fa kọ́là ẹ̀ sókè.

"Ṣé mo ṣì lè máa lọ síbi iṣẹ́ báyìí?"

Ìyá Làpálàpá na ìpara kan sí i, ó na irú ẹ̀ sí alásè. "Ẹ dá wọn lóhùn, mà."

Alásè ká ìborùn ẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

"Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, mà."