Ìfihàn Kọ́, Ìdíje Ni

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú Noreen Vasko, ẹ pe eré ìje tó máa ń bá wọn ṣe lọ́jọ́ kẹrin oṣù Keje ní “ìfihàn.” Ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ rín, ojú rẹ̀ yóò wá le.

Nídìí òṣùwọ̀n tí àwọn àgbẹ̀ ti ń wọn àgbàdo ní Harlan Grove, ìlú wa kékeré ní Illinois, ni Noreen ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tó ti já bọ́ látorí àká nígbà ọmọdébìnrin ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ti gbé e mọ́. Àga oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ yàtọ̀ sí tìdíje o. Tìdíje gùn gbọọrọ, táyà mẹ́ta ló ní, yóò kúnlẹ̀ sínú rẹ̀, yóò máa fi ìkúùkù lu irin róbótó ẹ̀gbẹ́ táyà. Àwọn tó ń fi irú kẹ̀kẹ́ yìí díje kì í sọ pé àwọn sáré. “Mo tì í” ni wọ́n máa ń wí.

Èmi tí mò ń ta kọfí lójú pópó lọ́jọ́ eré, ọ̀rọ̀ kì í kọjá lára mi kí n má tọpinpin rẹ̀. Mo rí i pé bí wọ́n bá ń kéde, àwọn tó ń fẹsẹ̀ sá a ń ṣe ìdíje, ṣùgbọ́n àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń ṣe ìfihàn. Mo bi Noreen pé kí ni ìyàtọ̀ ibẹ̀.

“Ṣé o rántí ẹlẹ́dẹ̀ ńlá yẹn, níbi ìpàtẹ àwọn àgbẹ̀?” ló fi dá mi lóhùn. “Ẹ wò ó, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ lọ sílé. Ta ló bi í pé ipò kelòó ló ṣe? Èmi náà nìyẹn. Ẹni tó ṣíwájú, ẹni tó kẹ́yìn, rìbọ́n kan náà ni wọ́n ń fún wa.”

Gil Hostetler, olórí eré náà, kì í ṣe èèyàn burúkú, àmọ́ olórí kunkun ni. Ó ní àfi kí oníkẹ̀kẹ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì parí, kí òun tó pè é ní ìdíje. Láti ọdún mélòó kan wá, Noreen àti Wendell Pruitt nìkan ló máa ń wà níbẹ̀, tí wọ́n á sì fi gbogbo ọdún jiyàn lórí ẹni tó yá ju ẹnì kejì lọ. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, Marisela Ochoa, ọmọ yunifásítì kan, ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀. Ó di mẹ́ta. Inú Noreen dùn débi pé ó ń kọrin nídìí òṣùwọ̀n.

Láàárọ̀ ọjọ́ eré ni Wendell dé ìdí tábìlì mi, tó fajú ro. Ìbọ̀wọ́ tó fi ń lu irin táyà ló bàjẹ́. Wọn kì í rà á o. Wọ́n máa ń da omi gbígbóná sórí ike kan tó máa ń rọ̀, wọ́n á mọ ọ́n mọ́ ìkúùkù wọn títí yóò fi le. Tẹnì kan kì í bá ẹlòmíràn mu. Wendell gbé tiẹ̀ síwájú mọ́tò, lẹ́yìn gíláàsì, nínú oòrùn oṣù Keje, láti àná. Tọwọ́ òsì ti tẹ́ pẹrẹsẹ.

“Wendell, kí lò ń rò?” Noreen bi í.

“Mo gbàgbé ni.”

“O gbàgbé? Àgbàlagbà bíi tìẹ? Àní ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ lánàá mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ kì í gbé inú mọ́tò.”

“Má pariwo lé mi lórí, jàre. Ọwọ́ lásán ni màá fi tì í.”

“Kí awọ ọwọ́ ẹ lè bó? O ò ní dé ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lójú ọ̀nà eré tí wàá fi dúró.”

Gil ti gbọ́. “Ẹ má bínú o,” ló wí, “bó bá ku ẹ̀yin méjì, ìfihàn ni màá pè é.”

Àánú Noreen ṣe mí. Ó wo Gil, ó wo Wendell, ó wá yíjú sí mi. “Omi kọfí yẹn, ṣé ó gbóná dáadáa?”

Ni mo bá bu omi gbígbóná sínú abọ́. Ike náà rọ̀, ó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Àkókò tó yẹ kí Noreen fi na apá rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, òun ló fi ń mọ ìbọ̀wọ́ mọ́ ọwọ́ ẹni tó ń bá a du ipò.

“Ó ń jó mi o.”

“Jẹ́ kó jó ẹ. Di ìkúùkù ẹ, má mira.”

Marisela, tó ti wà lórí ìlà, ń pè wọ́n: “Àǹtí Noreen, wọ́n ti fẹ́ fọn fèrè o!”

Kí ike náà lè tètè le, Noreen ki ọwọ́ Wendell bọ inú kúlà omi ọsàn mi, láàárín yìnyín. Omi ọsàn tí mo fẹ́ tà! Ó dùn mí, àmọ́ ó wù mí ju owó lọ láti rí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí máa já sí.

Wọ́n fọn fèrè, wọ́n lọ. Mo fi tábìlì sílẹ̀, mo lọ dúró níbi ìparí. Marisela ló kọ́kọ́ dé, kò tiẹ̀ mí hẹlẹhẹlẹ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àwọn méjì tó kù tó yọ níkọ̀rọ̀, táyà sí táyà. Bí wọ́n ṣe kù díẹ̀ kí wọ́n dé ìlà, Wendell fi ìbọ̀wọ́ tuntun yẹn lu irin, ó sì fi táyà iwájú nìkan ya Noreen sílẹ̀.

Gil gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu. “Ìdíje àwọn oníkẹ̀kẹ́. Ipò kìíní, Marisela Ochoa. Ipò kejì, Wendell Pruitt. Ipò kẹta, Noreen Vasko.” Ó gbé rìbọ́n kan ṣoṣo fún Marisela.

Mo sáré lọ bá Noreen, torí mo rò pé ẹkún ló máa sun. “Pẹ̀lẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Ìwọ tún lo ṣe ìbọ̀wọ́ fún un.”

Òógùn bò ó lójú. “Kí lò ń bá mi kẹ́dùn fún? Ṣé o ò gbọ́ ohun tí Gil wí ni? Wọ́n nà mí nínú ìdíje.” Ó nu ojú. “Láti ọjọ́ tí mo ti ń tì í nílùú yìí, ẹnikẹ́ni ò nà mí rí. Ta ni wọ́n ń nà nínú ìfihàn?”

Ó wá ké sí Wendell: “Lọ́dún tó ń bọ̀, tọ́jú ìbọ̀wọ́ ẹ o. Mi ò ní ṣe é fún ẹ mọ́.”

Ọwọ́ òfo ni Noreen fi lọ sílé lọ́jọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ń kọrin lọ.