Má Gé Ẹsẹ̀ Mi

Títí dòní, bí ọmọ mi bá ní kí n bá òun gé fọ́tò lórí fóònù, ọwọ́ mi máa ń tutù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo tẹ̀ lé ìyá mi lọ sí ilé fọ́tò n'Íkirè. Yàrá náà móoru, òórùn àtíkè àti ti dòdò tí wọ́n ń dín níta gba ibẹ̀ kan. Ìyá mi sanra púpọ̀, àga ń ké lábẹ́ rẹ̀.

"Alhájà, ẹ yí ara yín sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ gbé àgbọ̀n sókè," ni fọ́tògíráfà wí. "Ẹ ó rí bí ẹ ó ṣe rẹwà."

Ó wá wo ẹsẹ̀ òsì ìyá mi tí wọ́n fi báńdéèjì dì nítorí egbò tí kò jinná. "Ẹsẹ̀ yìí, màá gé e kúrò."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá màá rí ọ̀bẹ.

"Má gé ẹsẹ̀ mi," ni ìyá mi wí. "Jẹ́ kó hàn."

Ọkùnrin náà gbà, síbẹ̀ ìyá mi kò fi ọwọ́ mi tó dì mú sílẹ̀. N kò tíì mọ̀ nígbà náà pé àwọn dókítà n'Íbàdàn ti dá ọjọ́ tí wọ́n máa gé ẹsẹ̀ náà.

Iná kámẹ́rà kọ mànà. Ìyá mi ti na ẹsẹ̀ náà síwájú.