Ẹni Tó Fín Oko Ìyá Dárasími

Kí obìnrin náà tó rìn dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì ni Babátúndé ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ló ń bọ̀. Ìyá Dárasími gbé báàfù omi dání, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Jésù, kó má ṣe èmi," ni Babátúndé ń wí nínú ara rẹ̀. "Ẹnikẹ́ni tó bá wù ú, kó ṣáà má ṣe èmi."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ná. Ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ní Ìlọrà, Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n máa ń wẹ ẹsẹ̀ ara wọn, lọ́sàn-án gangan. Wòlíì kì í pín wọn ní méjì-méjì o. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá gbé omi lọ bá ẹni tó wà lọ́kàn rẹ, bóyá ẹ jọ ń bínú, bóyá oore tó ṣe ọ́ ló pọ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé omi wá bá kò gbọdọ̀ kọ̀.

Oore ni ti Ìyá Dárasími. Láti ọdún mẹ́fà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Babátúndé ló ń bá a kọ ebè, tó ń bá a fa ẹ̀gẹ́, kì í sì í gba kọ́bọ̀. Gbogbo ìjọ ló ń fi í ṣe àpẹẹrẹ. "Irú ọmọ rere báyìí!" ni wọ́n ń wí. Ọmọ rere kẹ̀! Ká ní wọ́n mọ̀ ni!

Oko fínfín ni iṣẹ́ Babátúndé. Ẹni tí igbó bá kún oko rẹ̀ a pè é, òun náà a gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, a sì fi kẹ́míkà pa koríko ibẹ̀. Lọ́dún tí ọkọ Ìyá Dárasími kú, ọkùnrin kan tó ń gbé Ìbàdàn ní kó bá òun fín ilẹ̀ kan lọ́nà Fìdítì. Apá ọ̀tún pèrègún tí wọ́n fi pààlà ni ilẹ̀ náà wà. Babátúndé débẹ̀ tán, apá òsì, níbi oko Ìyá Dárasími, ló yà sí. Ìkánjú ni, iṣẹ́ mìíràn ń dúró dè é. Opó wà nínú ọ̀fọ̀, igbó ti bo oko rẹ̀, Babátúndé kò sì rí ẹ̀gẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé nísàlẹ̀ koríko àfi ìgbà tó fín in tán, tó tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀. "Mo gbé!" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni kankan. Ó sá lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó padà wá fín ilẹ̀ tó yẹ kó fín, bí ẹni tí kò débẹ̀ rí.

Ìgbà yẹn, ẹ̀gẹ́ opó ti gbẹ tán pátápátá. Ta ni wọ́n fura sí? Olúṣèyí, àbúrò ọkọ rẹ̀ ni. Ṣebí òun ló ń bá a du ilẹ̀ náà, tó sì ti fi ìbínú sọ lójú ẹbí pé àwọn yóò wo ẹni tí yóò kórè níbẹ̀. Olúṣèyí gbé Bíbélì lérí, ó búra títí, wọn kò gbà á gbọ́. Ó kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Iware, láti ọjọ́ náà ẹnìkan nínú ẹbí kò tẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Wàyí o, lẹ́yìn Àjíǹde yìí ni Bùkúnmi, ọmọ Olúṣèyí, fẹ́ ṣe ìdána. Ìyá Dárasími ní ẹbí ò ní débẹ̀. "Ká lọ jókòó ti ẹni tó pa oúnjẹ opó? Ó tì o!" Àwọn àna sì ti ń béèrè bóyá ọmọ tí kò lẹ́bí ni wọ́n fẹ́ fún àwọn. Babátúndé náà ti gbọ́. Bó bá dákẹ́, ìgbéyàwó ọmọlọ́mọ bàjẹ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ta ni yóò tún gbé oko fún un láti fín ní Ìlọrà? Obìnrin tó ń pè é lọ́mọ ńkọ́?

Ìyá Dárasími kúnlẹ̀. "Gbé ẹsẹ̀ rẹ wá, ọmọ mi."

Babátúndé fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

"Ṣé ojú ń tì ọ́ ni?"

"Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ má wẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo fín ẹ̀gẹ́ yín."

Ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn.

"Mo ṣi ààlà mú ni. Àṣìṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnu tí mo pa mọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ pa á mọ́ ni. Bàbá Bùkúnmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Ọdún mẹ́fà!" Ìyá Dárasími ló ké bẹ́ẹ̀. "Ọdún mẹ́fà lo fi ń jẹun nínú ilé mi!" Ó gbọ́wọ́ sókè. Gbogbo ìjọ rò pé ó fẹ́ gbá a létí ni, Babátúndé pàápàá dijú dè é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà rọ sílẹ̀. "Èmi tí mo wá lé ọmọlọ́mọ kúrò nílé ńkọ́?" ló wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Olúwa, ẹnu wo ni èmi náà fẹ́ fi bẹ̀ ọ́?"

Ó wá fa ẹsẹ̀ Babátúndé sínú omi, ó ń fi ìbínú fọ̀ ọ́ bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Inú ń bí mi sí ọ, Babátúndé. Ó ń bí mi gan-an ni! Ṣùgbọ́n nítorí Jésù, mo dárí jì ọ́. Dìde. À ń lọ sí Iware nísinsìnyí."

Ọ̀kadà kan náà ló gbé àwọn méjèèjì. Olúṣèyí ń la igi níwájú ilé. Bó ṣe rí wọn, ó nàró, ó di àáké rẹ̀ mú.

Ìyá Dárasími kúnlẹ̀ sínú yanrìn. "Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí. Irọ́ ni mo pa mọ́ yín. Gbogbo ẹbí yóò wá síbi ìdána Bùkúnmi." Babátúndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì ka gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Babátúndé ò lè gbójú sókè, àáké yẹn nìkan ló ń rò.

"Ìwọ ni," Olúṣèyí wí níkẹyìn.

"Èmi ni, sà."

"Ọdún kẹta tí mo dé ibí, mo rí i pé ìbínú fẹ́ pa mí. Mo kúnlẹ̀ nínú yàrá yẹn, mo sọ fún Ọlọ́run pé ẹnikẹ́ni tó wù kó fín oko náà, mo ti dárí jì í. Orúkọ ẹ nìkan ni mi ò mọ̀."

Babátúndé ò lè dìde. Ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti fi ń sá fún ẹni tó ti dárí jì í.