Kòkòrò Ẹlẹ́sẹ̀ Méje

Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn eyín. Ibẹ̀ ni ọkùnrin tí gbogbo èèyàn ń pè ní Eléyín ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Kì í yọ eyín, kì í sì í wo ẹnu aláìsàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó mọ eyín àtọwọ́dá fún àwọn tó ti káyín. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rárá. Bí o bá kí i láàárọ̀, ó lè di ọ̀sán kó tó rántí pé òun ò tíì dáhùn.

Ìda pupa tó fi ń mọ erìgì máa ń ṣẹ́ kù, ó sì máa ń dà á nù. Lọ́jọ́ kan ló ṣàdédé fi ìyókù mọ kòkòrò kan. Kì í ṣe eṣinṣin, kì í ṣe aáyán. Kòkòrò tí ojú ẹnikẹ́ni ò rí rí ni, irú èyí tó lè máa gbé ayé mìíràn lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìràwọ̀. Ó tó ìkúùkù ọmọdé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán gbinrin, wáyà tí wọ́n fi ń de eyín ló fi ṣe ìwo tín-ín-rín méjì sí i lórí. Ẹsẹ̀ nìkan ló gbà á ní oṣù méjì gbáko: mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì.

Ó gbé e lọ sílé, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ò fẹ́ rí i sójú. "Dádì, nǹkan yìí ń wò mí," ló máa ń wí tó bá ń gbálẹ̀, á sì ju aṣọ ìnulẹ̀ bò ó. Nígbà tó yá, Eléyín gbé e padà síbi iṣẹ́, ó gbé e sójú fèrèsé.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ti rí i nígbà tó wá gba eyín tuntun. Eyín náà bá a mu rẹ́gí, ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ wo dígí.

"Ta ló ṣe èyí?"

Eléyín nawọ́ sí àyà ara rẹ̀.

"Màá rà á. Kọ́bọ́ọ̀dù onídígí mi kún fún irú wọn. Àmọ́ mi kì í ra ohun tí mi ò mọ ìwà rẹ̀. Mò ń bọ̀ nílé yín ní Sátidé, ẹ ó ròyìn rẹ̀ fún mi, màá kọ ọ́ sílẹ̀."

Títí di Sátidé, Eléyín wá ọ̀rọ̀ tì. Ó gbé kòkòrò wálé, ó gbé e sórí tábìlì. Olùkọ́ jókòó sí pálọ̀, ó yọ ìwé, ó yọ kálàmù.

"Níbo ló ti wá?"

"Ọ̀nà jíjìn."

"Kí ló ń jẹ?"

Eléyín wo kòkòrò, kòkòrò wo Eléyín. Ìyàwó rẹ̀, tó ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Kò sóhun tí kì í jẹ, mà. Tó bá jẹun tán, á fi àwo síbẹ̀, á dìde."

Olùkọ́ ń kọ ọ́. "Ẹ máa bá a lọ."

"Tẹ́ ẹ bá pè é, ó gbọ́. Kò kàn ní wá ni. Tínú ẹ̀ bá dùn, ẹ ò ní mọ̀, àfi tẹ́ ẹ bá wo etí ẹ̀. Etí ẹ̀ á máa mì."

Eléyín yára fọwọ́ bo etí.

"Ẹsẹ̀ méje ńkọ́?"

"Mẹ́fà ló fi ń rìn. Ìkeje ló fi ń dilẹ̀ mú, kó má baà rìn jìnnà sílé."

Olùkọ́ wo ìyàwó, ó wo ọkọ. Ẹ̀rín pa á débi pé ó ní láti fọwọ́ di eyín tuntun mú. "Ṣé ó ṣeé bá gbé ṣá?"

"Ó ṣeé bá gbé, mà," ni ìyàwó wí, ó sì tún dojú kọ aṣọ tó ń ká.

Nígbà tí olùkọ́ gbé kòkòrò rẹ̀ lọ, Eléyín mú ìda tuntun, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Mọ́mì, ìwọ ni mo fẹ́ fi èyí mọ."

"Èmi kẹ̀? Ẹsẹ̀ mélòó lẹ fẹ́ ṣe sí mi?"

"Ẹsẹ̀ ò le. Ẹnu ni mo ń rò. Ó máa ń bá aṣọ sọ̀rọ̀ tó bá ń ká a. Tó bá fẹ́ pa àwàdà, á ti rẹ́rìn-ín tán kó tó débi ẹ̀rín. Tí òjò bá ń bọ̀, á ti dúró lójú fèrèsé kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ìró rẹ̀."

Ìyàwó gbé aṣọ sílẹ̀, ó fa àga sún mọ́ ọn.

"Kí ló tún máa ń ṣe?" ló bi í.