Ohun Tí Bàbá Clifford Ní Láti Fẹnu Ara Rẹ̀ Sọ

Ní òpópónà tiwa ní Bacup, ìlú kékeré kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé Janine Entwistle ni iná rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ tàn láàárọ̀. Ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín, ògiri ọ̀hún ò sì nípọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń mọ ìgbà tí Janine bá jáde lọ sí ilé iṣẹ́ páì, àti ìgbà tí bàbá rẹ̀, Bàbá Clifford, bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ká tó wí ká tó fọ̀, màá gbọ́ ẹsẹ̀ Keeley, ọmọ Janine, gbì-gbì-gbì lórí àtẹ̀gùn, ó ń sáré lọ bá bàbá rẹ̀ àgbà.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bàtà inú ilé ni bàbá yìí ti lo gbogbo agbára rẹ̀, kí wọ́n tó tì í pa. Eruku ibẹ̀ àti sìgá tó ń mu ló pawọ́ pọ̀ ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré ni Keeley nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀. Á gbé oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu fún un, á wẹ ẹ̀yìn rẹ̀, á se ọ́ọ̀tì fún un, á wọ̀ ọ́ ní ìbọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò wá já lu òjò, tí yóò sáré lọ sílé-ìwé. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kó tó dé.

Èmi ni mò ń bu oúnjẹ fún àwọn ọmọ nílé-ìwé náà. Keeley ò jẹ oúnjẹ wa rí. Búrẹ́dì tó gbé wá láti ilé ló máa ń jẹ, á fara ti ojú fèrèsé mi, á sì máa bá mi sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ló ti sọ ọ́ fún mi.

"Àǹtí, dókítà ni mo fẹ́ ṣe o."

Ọmọkùnrin kan tó ń dúró de ọ̀dùnkún rẹ̀ gbọ́, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà kẹ̀! Ìwọ tó máa ń pẹ́ dé lójoojúmọ́? Òkú ni wàá máa bá lórí bẹ́ẹ̀dì!"

Keeley ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Tó bá jẹ́ ìwọ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì, màá tún rọra rìn ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi da ọbẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe ti ẹ̀rín. Ìsáré àràárọ̀ yẹn, tí kì í jẹ́ kó sinmi, ti hàn nínú èsì ìdánwò rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Lomax, pè é jókòó.

"Keeley, A mẹ́ta ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ dókítà. Tí o bá sì ṣe dáadáa, A kan àti B méjì lèmi rí fún ọ. O ò ṣe rò ó wò kí o ṣe nọ́ọ̀sì?"

"Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dáa, sà. Ṣùgbọ́n dókítà ni mo pè é."

Ó ní láti jẹ́ pé ọkùnrin náà rí nǹkan kan lójú rẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ ló lọ wádìí. Ó padà wá sọ pé yunifásítì kan nílùú ńlá ní ọ̀nà kan fún àwọn ọmọ tí ẹrù ilé wúwo lórí wọn. A kan àti B méjì tó fún wọn, wọ́n á sì fi ọdún kan kọ́ wọn kí wọ́n tó dà wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Àmọ́ ọmọ náà gbọ́dọ̀ ní méjì nínú nǹkan mẹ́rin tí wọ́n ń wò. Ọ̀kan wà nílẹ̀: kò sí ẹni tó lọ yunifásítì rí nínú ìdílé Entwistle. Èkejì ló di wàhálà.

Wọ́n ní ṣé ó jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé? Ó tọ́ sí i, ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n Bàbá Clifford ní ẹnikẹ́ni tó ń jẹ́ Entwistle ò ní nawọ́ gba oúnjẹ ìjọba. Bí wọ́n ṣe rí níbí nìyẹn, wọ́n á jẹ búrẹ́dì gbígbẹ kí wọ́n tó ní kí ẹnikẹ́ni ran àwọn lọ́wọ́. Wọ́n tún ní ṣé àdúgbò tálákà ló ń gbé? Àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sókè lọ́hùn-ún, nọ́ńbà àdírẹ́sì kan náà la jọ ń lò, ìyẹn ni pé olówó ni gbogbo wa lórí ìwé. Èmi náà ti di olówó, mi ò kàn tíì rí owó náà ni.

Ó wá ku ẹyọ kan: ṣé ó ń tọ́jú aláìsàn nílé?

"Kí lo wá sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Lomax?" mo bi í.

"Mo ní rárá."

"O ní kí ni?"

"Àǹtí, bàbá mi àgbà lásán ni. Kì í ṣe aláìsàn ẹlòmíràn."

Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ta ló ń wẹ ẹ̀yìn wọn? Ta ló ń sáré lu àtẹ̀gùn tó ń jí mi lójú oorun? Ṣé èmi ni?"

Ó wò mí bíi pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé ó lórí. Lọ́jọ́ yẹn náà ló padà lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

Ilé-ìwé ní kí nọ́ọ̀sì tó ń wá yẹ bàbá wò fọwọ́ sí i pé Keeley ló ń tọ́jú rẹ̀. Parveen lorúkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó béèrè lọ́wọ́ Bàbá Clifford, "Ta ló ń tọ́jú yín láàárọ̀, bàbá?"

"Kò sẹ́nì kankan. Èmi gan-an ni mò ń tọ́jú wọn."

Gbogbo ìgbà yẹn, Keeley dúró síbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ bàbá lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì wo ìbọ̀sẹ̀, ó wo bàbá. Ó ní òun ò lè kọ ohun tí aláìsàn fẹnu ara rẹ̀ sẹ́. Ọjọ́ tí yunifásítì ò ní gba ìwé ìbéèrè mọ́ sì ti ń sún mọ́lé.

Keeley ò sunkún, kò sì bá bàbá jà. Nígbà tó di Sátidé, ó gbé àpò bàbá kọ́rùn bó ti máa ń ṣe, wọ́n lọ sí pápá tí àwọn àgbà ti ń yí bọ́ọ̀lù onígi lórí koríko. Bàbá ò lágbára àtiyí bọ́ọ̀lù mọ́, òun ló ń ka àmì. Èmi ni mò ń po tíì níbẹ̀. Ó gbé àga fún un síbi tí atẹ́gùn ò ti pọ̀, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún rẹ̀, ó de bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀ dé ọrùn.

Norman Ashworth, ọ̀rẹ́ bàbá láti kékeré, ní, "Cliff, mo gbọ́ pé dókítà ni ọmọ yìí fẹ́ dà. Kí ló wá dé tó fajú ro báyìí?"

Keeley ló dáhùn, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá sọ fún nọ́ọ̀sì pé àwọn ló ń wọ ìbọ̀sẹ̀ ara wọn ni."

Ẹ̀rín gba Norman lẹ́nu. "Cliff! Ìwọ tí o ò lè bẹ̀rẹ̀ mú bọ́ọ̀lù? Ta lo fẹ́ fi pa mọ́ fún? Gbogbo wa la mọ̀, láti ọjọ́ tó ti pẹ́!"

Bàbá pọ́n bíi tòmátì. "Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé fún Ernest tá a jọ ń yí bọ́ọ̀lù níbí náà nìyẹn! Wọ́n ní kò lè tọ́jú ara rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sílé àwọn arúgbó. Ta nínú yín ló tún rí i lórí koríko yìí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Èmi gan-an, ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Keeley kúnlẹ̀ síwájú àga rẹ̀. "Bàbá, Ernest ò lẹ́nì kankan. Ẹ̀yin ní èmi, ẹ sì ní mọ́mì. Kò sẹ́ni tó máa gbé yín lọ ibì kankan. Ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò fẹ́ lọ. Mo fẹ́ lọ. Tí ẹ ò bá sọ ọ́ lọ́dún yìí, màá tún kọ̀wé lọ́dún tó ń bọ̀, màá sì tún kọ ọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Tí wọ́n bá sì mọ̀, káńsù á rán ẹnìkan wá láàárọ̀. Tí wọn ò bá mọ̀, ta ni yóò wọ̀ yín ní ìbọ̀sẹ̀ nígbà tí mo bá lọ?"

Bàbá mí sókè, ó mí sílẹ̀. "Wọn ò ní mọ ọ́ọ̀tì í sè."

"Ẹ ó kọ́ wọn."

Nígbà tí nọ́ọ̀sì padà wá, Bàbá Clifford ti wọ kóòtù ẹgbẹ́ wọn, ó ti so táì mọ́ ọn, ó sì ní kí n wá jókòó kí ẹlẹ́rìí lè wà.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí. "Ọmọ yìí ló ń wẹ ẹ̀yìn mi. Òun ló ń gbé oògùn fún mi. Ó lè wà lórí àtẹ̀gùn kó gbọ́ èémí mi, kó ti mọ̀ bóyá ọjọ́ yẹn á dáa àbí kò ní í dáa. Ó ti ń ṣe é látìgbà tó ti kéré. Mi ò dúpẹ́ rí, torí tí mo bá dúpẹ́, á jẹ́ pé lóòótọ́ ni."

Keeley sáré wọ ilé ìdáná, ó ní òun fẹ́ gbé omi kaná. Mi ò gbọ́ kí omi kankan hó.

Wọ́n pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Wọ́n ní kó sọ ìgbà kan tó bá ẹni tí kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́ pàdé. Ó ní ọ̀rọ̀ ìbọ̀sẹ̀ lòun sọ fún wọn. Wọ́n gbà á, tó bá ti lè mú A kan àti B méjì wá. Láti ìgbà náà títí di ìdánwò, mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri tó ń ka kẹ́mísìrì sókè, bàbá á sì máa fi ikọ́ dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí èsì jáde ní oṣù kẹjọ, Ọ̀gbẹ́ni Lomax ló kọ́kọ́ pariwo, tó gbá olùṣọ́gbà mọ́ra dípò Keeley. A kan, B méjì. Kẹ́mísìrì fi díẹ̀ báyìí bọ́ sí B. Ọmọkùnrin ọlọ́dùnkún yẹn wà níbẹ̀, ó na ọwọ́ sí i. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rọra rìn o."

Ní ọjọ́ tó kúrò, ó wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ pẹ̀lú àpò méjì, kò bojú wẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ àjèjì lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ obìnrin tí káńsù rán wá, ó ń rọra tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn Bàbá Clifford gba ẹ̀yìn ògiri wọlé wá bá mi:

"Rárá, rárá! Ti òsì la kọ́kọ́ ń wọ̀. Dókítà mi ló ní ká máa ṣe é bẹ́ẹ̀."