Máńgòrò Inú Kéèkì Ìyàwó

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìjà Ìyá Oníkéèkì, kó ní kó to èso tútù sínú kéèkì lónìí kí wọ́n tó jẹ ẹ́ lọ́la. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè gbà. Ó ní èso tútù kì í ṣe jáàmù. Tó bá ti fojú kan ṣúgà, omi ni yóò máa sun, omi yẹn ni yóò sì sọ kéèkì di ẹrẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa jẹ ẹ́ gan-an ló máa ń lọ tò ó, lójú ibi tí wọ́n ti fẹ́ jẹ ẹ́.

Yàrá tó ń sùn náà ló ti ń se kéèkì. Bẹ́ẹ̀dì lápá kan, ófìnnù lápá kejì. Ooru yẹn ló fi tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, títí ọmọ fi di ẹni tó ń jókòó sí ọ́fíìsì, tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún.

Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ náà kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ìyá ọkọ mi ní máńgòrò tútù ni kí wọ́n fi sáàárín kéèkì. Mo ti ní ó dáa. Ẹ bá mi ṣe é."

Inú ìyá dùn ṣìnkìn. "Ta ni ìbá tún ṣe é? Màá wá tò ó sí gbọ̀ngàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kí n tó lọ wọṣọ."

Ọmọ wolẹ̀. "Ẹ ò lè wá tò ó níbẹ̀. Mo ti sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù ńlá kan la ti rà á. Mo ní iṣẹ́ ìjọba lẹ ṣe tẹ́ ẹ fi fẹ̀yìn tì. Màá wá gbé e nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú."

Ó dun ìyá wọ akínyẹmí ara. Ẹ ò rí ayé! Iṣẹ́ tó fi rán ọmọ níléèwé ló wá di ìtìjú ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n.

"Jẹ́ kí n fi jáàmù sí i nígbà náà. Jáàmù ò ní dójú tì ẹ́."

"Jáàmù kẹ̀? Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n tẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Ìyá ṣe é. Ó gé máńgòrò pẹlẹbẹ, ó fi aṣọ mímọ́ tẹ omi ara rẹ̀ gbẹ, ó fi bọ́tà pa ojú ìpele kọ̀ọ̀kan, ó sì tún fi bọ́tà mọ odi yí etí rẹ̀ ká kí omi má baà ráyè jáde. Gbogbo ọgbọ́n tó mọ̀ ló ta. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé odi yẹn kò lè dúró di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ọmọ wá gbé e. Ó ní kí dírẹ́bà dúró sí ìkóríta, kó má baà rí ilé.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá jókòó síwájú nínú aṣọ tí ọmọ yàn fún un. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ. Ojú rẹ̀ wà lára kéèkì. Omi rúsúrúsú kan kọ́kọ́ yọ lára áísìn funfun tí wọ́n fi bo kéèkì, ó ń ṣàn bọ̀ bí ikun imú ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni ìpele òkè sún díẹ̀. Kí tọkọtaya tó mú ọ̀bẹ débẹ̀, ó ti ya wó sórí tábìlì. Àwọn kan pariwo, àwọn kan bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá ọkọ fìbínú dìde. "Ta ló ṣe ìdọ̀tí yìí?"

Ìyàwó kò wo ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. "Obìnrin ṣọ́ọ̀bù yẹn ni, mà. Kò mọṣẹ́ rárá. Oníjìbìtì ni."

Ìyá ọkọ yíjú. "Ìyá ìyàwó, ṣé ẹ rí nǹkan tí wọ́n ṣe fún wa? Ẹ̀yin náà ẹ sọ̀rọ̀."

Gbogbo ojú yí sí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ló máa fi gba iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni yóò sì ba ọjọ́ ọmọ rẹ̀ jẹ́.

"Kò mọ̀ ọ́n ṣe," ló wí. "Irú ẹ̀ kọ́ ló yẹ kéèyàn máa gbéṣẹ́ fún."

Ọmọ na ọwọ́ sí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì fún un pinpin láti dúpẹ́. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa fọwọ́ kàn án.